Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Kó Lọ sí Parakou, Ẹ Kọ́kọ́ Yà ní Arzèkè



Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá ti fẹ́ wọlé báyìí, ọ̀rọ̀ kan náà ni ó máa ń wà lẹ́nu àwọn ìdílé tí iṣẹ́ gbé láti ìlú kan lọ sí òmíràn: níbo ni a óò máa gbé? Olùkọ́ ni, nọ́ọ̀sì ni, oníṣòwò ni, ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n máa ń ní láti fi wá ilé. Ìdílé mẹ́ta ni ó ti bi mí léèrè nípa Parakou. Èsì tí mo fún wọn ni mo kọ sílẹ̀ yìí, bóyá yóò ran ẹlòmíràn lọ́wọ́.

Àlejò kò ṣọ̀wọ́n ní Parakou. Láti ìgbà tí ojú irin tí ó ti Cotonou wá ti dé ibẹ̀ ní 1936, tí ó sì parí síbẹ̀, ni èrò ti ń wọ ìlú náà, tí wọ́n ń bá àwọn Bàrìbá gbé: Dendi, Haúsá, Fọ̀n, àti àwa Yorùbá tí a wá tajà. Nígbà tí wọ́n dá Yunifásítì Parakou sílẹ̀ ní 2001, èrò tún pọ̀ sí i. Ilé ń bẹ, ṣùgbọ́n àwọn tí ń wá a pọ̀, ẹni tí ìkánjú bá sì mú ni àwọn ẹlẹ́tàn máa ń rí mú.

Mo mọ̀ ọ́n, nítorí pé ó ṣe wá rí. Nígbà tí iṣẹ́ gbé bàálé mi lọ sí Parakou, ọmọ méjì ni a ní, èyí àbúrò sì wà lẹ́yìn mi. Ní ibùdókọ̀ ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti pàdé wa. Alárinà ilé ni, irú àwọn tí wọ́n ń pè ní démarcheur níbẹ̀. Ó mú wa lọ wo yàrá kan àti pálọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní entrée-coucher. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún ni, ó sì mọ́ tónítóní. Ó ní ẹlòmíràn ń bọ̀ wá sanwó rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Bàálé mi wo ojú mi, èmi náà wo ọmọ tí ń sunkún, ni a bá ka owó oṣù mẹ́fà lé ọkùnrin kan lọ́wọ́, ẹni tí wọ́n sọ pé òun ni onílé. Kò sí ìwé, kò sí ẹlẹ́rìí.

Ní ọjọ́ kejì tí a kó ẹrù dé, ìyá àgbà kan jáde sí wa, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ta ni ẹ ń wá?" Òun gan-an ni onílé! Ayálégbé tí ó ń kó jáde ni a sanwó fún. A kò fojú kàn án mọ́ títí di òní, bẹ́ẹ̀ ni a kò rí owó náà gbà.

Mo pọn ọmọ mi, mo gba ọjà Arzèkè lọ láti ra gààrì tí a óò mu. Ọrọ̀ ni Arzèkè ń jẹ́ ní èdè Dendi, ó sì bá arísìkí tiwa tan. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ náà, omijé ni mo gbé wọ ọjà. Ìyá kan tí ń ta iṣu gbọ́ Yorùbá lẹ́nu mi.

Ó ní, "Ìyàwó wa, kí ló dé?"

Mo kúnlẹ̀, mo ro gbogbo rẹ̀ fún un. Ó mi orí, ó ní, "Háà! Ẹ sanwó ilé, ẹ kò bi ẹnì kankan nípa rẹ̀?"

Kíá ni ó rán ọmọ lọ pe ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ tí ń ta òrí. Ìyá olórí mọ ilé kan ní àdúgbò rẹ̀ tí yàrá yóò ṣófo ní ìparí oṣù. Ọjọ́ kẹta ni a rí onílé fúnra rẹ̀. Gbèsè ni a jẹ kí a tó wọlé, ṣùgbọ́n a wọlé.

Ohun tí mo kọ́ nìyí: ènìyàn ni à ń kọ́kọ́ wá kí a tó wá ilé. Ní Arzèkè, obìnrin tí ó ti Banikanni wá ń jókòó ti èyí tí ó ti Titirou tàbí Okédama wá. Kí alárinà tó gbọ́ pé ayálégbé kan ń lọ, wọ́n ti gbọ́. Alárinà olóòótọ́ wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n èyí tí ẹ kò mọ ilé rẹ̀ lè pòórá lọ́la, nígbà tí ìyá tí ó ní ìsọ̀ lọ́jà yóò ṣì wà ní ìsọ̀ rẹ̀. Kò ní fẹ́ kí ẹ wá bá òun níbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀dùn ọkàn.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń lọ, ẹ gbọ́:

Èkíní, kí ẹnì kan ṣíwájú. Kí ó sùn sí ọ̀dọ̀ ẹbí tàbí kí ó gba yàrá kékeré fún oṣù kan. Ẹ má ṣe wá ilé pẹ̀lú ọmọ àti ẹrù lọ́rùn.

Èkejì, ẹ béèrè lọ́jà, ẹ béèrè níbi iṣẹ́, ẹ béèrè lẹ́yìn Mísà. Ẹ sọ iye tí agbára yín ká, àti ibi tí iṣẹ́ yín wà. Ẹni tí ó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

Ẹ̀kẹta, ẹ wo ilé náà lẹ́ẹ̀mejì, lọ́sàn-án àti lálẹ́. Bí ẹ bá lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ wo ìdí ògiri bóyá àbàwọ́n omi òjò wà níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ kànga ni wọ́n ń lò, ẹ bi àwọn aládùúgbò bóyá omi máa ń wà nínú rẹ̀ nígbà ọyẹ́. Ẹ bèèrè bóyá míta iná dá dúró tàbí àjọlò ni, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà tí ó wà lójú rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá wọlé.

Ẹ̀kẹrin, ẹ ṣírò owó ọ̀nà. Ká ní zémidjan ń gba 200 fráǹkì ní àlọ, 200 ní àbọ̀, fún ọjọ́ 26: 10,400 fráǹkì nìyẹn lóṣù kan. Ilé ọ̀nà jíjìn tí ó dà bí ẹni pé ó dínwó lè má dínwó mọ́.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ má ṣe sanwó fún ẹni tí aládùúgbò méjì kò bá jẹ́rìí sí pé òun ni onílé. Ẹ gba ìwé àdéhùn, ẹ mú ẹlẹ́rìí dání, kí alárinà sì gba owó tirẹ̀ lẹ́yìn tí kọ́kọ́rọ́ bá ti tẹ̀ yín lọ́wọ́. Òfin 2018-12, tí ìjọba Benin ṣe ní ọjọ́ 2 oṣù Keje 2018, sọ nígbà náà pé owó ìdógò ilé gbígbé kò gbọdọ̀ ju owó ilé oṣù 3 lọ. Òfin yìí kò tíì sí nígbà tiwa. Ẹ béèrè ohun tí òfin sọ lónìí, kí ẹ sì lò ó.

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹ jẹ́ kí a wo onílé náà kí a tó sanwó.

Ẹ̀yin tí ẹ ti fìdí kalẹ̀ ńkọ́? Bí ẹ bá mọ yàrá tí yóò ṣófo, ẹ sọ fún ẹni tí ń wá a. Bí ẹ bá rí àlejò tí ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì lọ́jà, ẹ bi í pé kí ló dé. Ìyá oníṣu nì kò fún wa ní kọ́bọ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó bi mí, òun ni ó sì sọ wá di onílé ní Parakou. Ó di ìgbà mìíràn o.