Ẹ Wọn Pálọ̀ Kí Ẹ Tó Ra Síkírìnì

Nígbà ọdún Iléyá tó kọjá, a ra síkírìnì íǹṣì 120 sí pálọ̀ wa ní Kánò. Owó tí à bá fi kún ti àgbò ló lọ síbẹ̀. Màmá àgbà ti Ìlọrin wá torí fíìmù tí a ṣèlérí. Nígbà tí a tan projẹ́tọ̀, àwòrán kò kún síkírìnì. A sún ẹ̀rọ náà sẹ́yìn títí ó fi kan ògiri, síbẹ̀ àyè funfun ṣì yí i ká. Àwọn ọmọ ń wo ojú wa. Màmá ní kí a má dààmú, pé àwọn ń rí i.

Ẹ̀rọ kò bàjẹ́, àwa ni a kò wọn nǹkan kan. Nínú ìwé tó bá projẹ́tọ̀ wá, ẹ máa rí iye kan tí wọ́n ń pè ní throw ratio. Ẹ fi ṣe ìlọ́po ìbú àwòrán. Bí dígí iwájú ẹ̀rọ ṣe gbọ́dọ̀ jìnnà sí síkírìnì tó nìyẹn. Tiwa jẹ́ 1.5. (Èyí tó bá ní zoom máa ń kọ iye méjì.)

Ohun tó tàn wá jẹ ni pé íǹṣì 120 tí òǹtajà ń pè kì í ṣe ìbú. Láti igun òkè dé igun ìsàlẹ̀ lódìkejì ni. Ìbú rẹ̀ tó íǹṣì 105, ìlọ́po 1.5 sì ju ẹsẹ̀ bàtà 13 lọ. Pálọ̀ wa kò ju 12, ẹ̀rọ, wáyà àti àyè tí yóò fi mí sì gba ẹsẹ̀ kan níbẹ̀. Síkírìnì íǹṣì 100, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 87, ló yẹ wá: kò tó ẹsẹ̀ bàtà 11.

Fáànù tún wà ńbẹ̀. Ta ló máa pa fáànù ní Kánò? Bí ẹ bá gbé ẹ̀rọ kọ́ àjà, òjìji abẹ́ rẹ̀ lè máa sáré kọjá lójú òṣèré. A ní kí káfíńtà kan pákó mọ́ ògiri ẹ̀yìn, nísàlẹ̀ fáànù, lókè orí àwọn ọmọ. Ẹ jẹ́ kí ó kọjú sí síkírìnì gbọọrọ. Bí ẹ bá gbé imú rẹ̀ sókè, òkè àwòrán á fẹ̀ ju ìsàlẹ̀ lọ. Keystone lè tún un ṣe, ṣùgbọ́n ó ń dín dídán àwòrán kù.

Síkírìnì 120 náà ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa. Ẹni tí pálọ̀ rẹ̀ bá tó ẹsẹ̀ bàtà 15, kó wá bá wa nájà.