Ìbọn Àtijọ́ ní Roodepoort àti Ẹ̀kọ́ Tí Ó Kọ́ Wa

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa pé àwọn kan wà tí wọ́n ń fi owó ra ìbọn ogun àtijọ́ láti máa fi ṣeré ọwọ́ dilẹ̀, ẹ lè sọ pé ìwà wèrè ni. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì kàn wá nílé níhìn-ín.

Roodepoort wà ní ìwọ̀-oòrùn Johannesburg ní ilẹ̀ Gúúsù Áfríkà. Wúrà ni ó sọ ọ́ di ìlú. Ní agbègbè rẹ̀ ni Doornkop wà, níbi tí ọwọ́ àwọn Boer ti tẹ Jameson àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ ní ọjọ́ 2 oṣù kíní ọdún 1896, nígbà tí wọ́n fẹ́ fi ipá gba ìjọba Kruger. Ìdágìrì náà ni ó mú kí Kruger ra ìbọn Mauser tí ó lé ní 30,000 láti Jámánì. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 1900, ní Doornkop kan náà, Mauser àwọn Boer dojú kọ Lee-Metford àti Lee-Enfield àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì.

Abájọ tí ìbọn wọ̀nyí fi ṣọ̀wọ́n lójú àwọn kan níbẹ̀ títí di òní. Wọn a máa fi òróró nù ún, wọn a máa wá ọta rẹ̀ kiri, wọn a sì gbé e lọ sí pápá láti yìn ín sí àmì. Wọn kò pa ẹnikẹ́ni. Kí ohun tí baba ńlá wọn gbé jà tún lè ké ni wọ́n ń fẹ́. Èmi kò bú wọn. Ṣé a kò rí ṣakabùlà lára ògiri ilé àwọn baba ọdẹ wa?

Òfin ni ó sọ eré náà di eré. Òfin Ìbọn ti ọdún 2000, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù keje ọdún 2004, pàṣẹ pé kí ẹni tí yóò ní ìbọn ti pé ọdún 21, kí ó yege ìdánwò, kí ó sì máa tì í mọ́ inú àpótí irin. Ìbọn kọ̀ọ̀kan ni ó ní ìwé àṣẹ tirẹ̀. Ẹni tí ó bá ń kó ìbọn àtijọ́ jọ gbọ́dọ̀ wà nínú ẹgbẹ́ tí ìjọba mọ̀. Nígbà tí àwọn ọdẹ gbé ẹjọ́ dé Ilé-ẹjọ́ Òfin-Ìpìlẹ̀ ibẹ̀, ìdájọ́ oṣù kẹfà ọdún 2018 sọ ọ́ gbangba pé níní ìbọn kì í ṣe ẹ̀tọ́ ẹni. Àǹfààní tí òfin yọ̀ǹda ni.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ kan kù. Ìbọn tí ó jẹ́ ohun ẹ̀ṣọ́ lójú ẹnìkan, ohun ẹkún ni lójú ẹlòmíràn. Nínú Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba Gúúsù Áfríkà gba àwọn ọmọ dúdú síṣẹ́ ogun, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí wọ́n gbé ìbọn. Job Maseko, ọmọ adúláwọ̀ tí a mú lẹ́rú ogun ní Tobruk ní ọdún 1942, agolo mílíìkì tí ó kún fún ẹ̀tù ni ó fi ri ọkọ̀ ojú omi àwọn ọ̀tá. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n jà ní Burma gbé Lee-Enfield. Maseko gbé agolo. Ní Sharpeville, ní ọjọ́ 21 oṣù kẹta ọdún 1960, àwọn ọlọ́pàá yìnbọn fún àwọn tí kò di ìbọn lọ́wọ́. Òkú 69 ni a kà nígbà náà. Àwa náà kò gbàgbé Iva Valley ní Enugu, níbi tí a ti yìnbọn pa òṣìṣẹ́ 21 ní ọdún 1949. Ẹni tí ó bá ń nu ìbọn àtijọ́, ẹ jẹ́ kí ó ṣírò ìtàn náà pé.

Nílé wa ńkọ́? Ogun Kírìjì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1877, gba orúkọ rẹ̀ láti inú ìró ìbọn. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí ń bẹ ní Èkó ni ó rán ìbọn ìgbàlódé sí ojú ogun. Mélòó nínú àwọn ọmọ wa ni ó ti fi ojú kan irú ìbọn bẹ́ẹ̀? Johannesburg ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ológun láti ọdún 1947. Ó yẹ kí ìbọn Kírìjì ní ilé tirẹ̀, kí ọmọ ilé-ìwé lè dúró níwájú rẹ̀ kí ó bi olùkọ́ rẹ̀ léèrè.

Èkejì ni pé Òfin Ìbọn wa ti ọdún 1959 béèrè ìwé àṣẹ fún ṣakabùlà pàápàá. Láti ọdún 2020 tí a ti dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀, àwọn ọdẹ wa ti di ẹ̀ṣọ́ ìlú. Ẹ jẹ́ kí ìjọba mú ìwé àṣẹ náà sún mọ́ wọn ní abúlé, láìsí rìbá, kí a lè mọ iye ìbọn àti ọwọ́ tí ó wà. Àwọn tí ń kígbe pé kí gbogbo ènìyàn gbé ìbọn ń ṣìnà. Ìbọn tí a kò kà, ọ̀tá onílé àti àlejò ni.

Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ wa gbé ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí dé iwájú àwọn aṣòfin: kí a tọ́jú ìbọn àná fún ìtàn, kí a sì ka ìbọn òní fún àlàáfíà.