Ta Ló Dí Ojú Àgbàrá?



Bí òjò bá ti rọ̀ l'Ékòó tí omi gba títì, awakọ̀ àti kọ̀ndọ́ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ nàka sí. Wọ́n ní àwa là ń mu píọ̀ wọ́tà, tí à ń ju ọ̀rá rẹ̀ gba ojú fèrèsé. Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká tan ara wa: òótọ́ ni. Àwa tí a wà ní fákítọ̀rì náà kò mọ́wọ́ dúró. Ọ̀rá kì í jẹrà bí ewé ẹ̀kọ. Ara epo rọ̀bì àti gáàsì ni wọ́n ti ń ṣe é. Bí oòrùn bá pa á pẹ́, ńṣe ló ń rún wẹ́wẹ́, àgbàrá a gbé e lọ sí ọ̀sà, ẹja a sì gbé e mì. Èyí tí kò dé ọ̀sà ló ń dí gọ́tà, tí omi fi ń wọlé bá àwọn ọmọ wa lórí ẹní.

Ṣùgbọ́n kí ló gbé ọ̀rá yìí dé ọwọ́ wa? Òùngbẹ ni. Ẹni tó dúró ti ẹ̀rọ nínú ooru láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ gbọ́dọ̀ mu omi, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ há mọ́ Ọ̀shòdì. Òfin Ilé-Iṣẹ́ ti ọdún 1987 pa á láṣẹ fún agbanisíṣẹ́ pé kí omi mímu tó mọ́, tó sì tó, wà ní àrọ́wọ́tó òṣìṣẹ́. Mélòó nínú wa ló rí i? Níbi tí púpọ̀ nínú wa ti ń ṣiṣẹ́, páìpù tó ti dógùn-ún ni omi ń gbà jáde, ọwọ́ nìkan la lè fi í fọ̀. Owó àpò wa la fi ń ra píọ̀ wọ́tà. Òfin yẹn kò dé gáréèjì. Níbẹ̀, ẹ jẹ́ ká béèrè ohun tí wọ́n ń fi owó tíkẹ́ẹ̀tì àràárọ̀ ṣe tí kò fi lè ra ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo.

Ẹ̀yin àgbà inú wa rántí amù ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà àti ife kan tí gbogbo ayé fi ń mu ún. A kò ní ká padà síbẹ̀ o. Àrùn wà nínú ife àjùmọ̀mu.

Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fòfin de abọ́ fómù ní oṣù kìíní 2024. Láti ọjọ́ kìíní oṣù keje 2025, òfin tún kan ife àti ṣíbí oníke àlòsọnù pẹ̀lú ọ̀rá ìkẹ́rù tín-ín-rín. Píọ̀ wọ́tà kò sí níbẹ̀. Àwọn kan fẹ́ kí wọ́n fi kún un kíá. Àwa kò tí ì fara mọ́ ọn. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ ọ̀rá àti ike ni wọ́n fi ń bọ́ ilé. A kò ní fi oúnjẹ wọn ṣe ètùtù fún gọ́tà. Kí omi kọ́kọ́ dé ná.

Nítorí náà, nígbà tí a bá tún jókòó pẹ̀lú àwọn ọ̀gá lórí owó oṣù, a fẹ́ kí ọ̀rọ̀ omi wà lórí tábìlì: dúrọ́ọ̀mù omi mímọ́ tó ní ẹnu ẹ̀rọ, ní gbogbo ẹ̀ka iṣẹ́, kí oníkálukú mú ife tirẹ̀ wá. Kí wọ́n sì yéé dáná sun ọ̀rá lẹ́yìn ilé-iṣẹ́, èéfín rẹ̀ ń pa àwọn tó ń ṣiṣẹ́ òru lára. Ẹ̀yin kọ̀ndọ́, ẹ so àpò kan mọ́ ẹ̀yìn ìjókòó. Àwọn tó ń ra ọ̀rá àlòkù ń wọ̀n ọ́n ní kílò, owó kékeré wà níbẹ̀.