Oògùn Nánò fún Jẹjẹrẹ: Ṣé Yóò Dé Bẹyẹrúnkà?

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú kan láìpẹ́ yìí ni ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ ní Ọjà'ba pe èmi àti ìyàwó mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bẹyẹrúnkà ni ilé wọn. Àwọn dókítà ti yọ kókó kan lọ́mú wọn ní oṣù tó ṣáájú, ìyá sì ti yá owó lọ́wọ́ alájọ láti fi san án. Nígbà tí èsì àyẹ̀wò jáde, dókítà ní jẹjẹrẹ ṣì kù létí ibi tí àwọn gé, àfi kí àwọn tún un là. Ìyá wò mí lójú, wọ́n ní, "Pásítọ̀, ṣé ojú wọn ò rí i nígbà àkọ́kọ́ ni?"

N kò rí èsì fún wọn lọ́jọ́ náà. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí láàárín ọ̀sẹ̀, ẹ̀kọ́ ìṣirò owó ni mo kọ́ ní poli, n kì í ṣe dókítà. Ṣùgbọ́n mo lọ béèrè, mo sì kàwé, ohun tí mo rí ni mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò.

Òótọ́ ni, ojú wọn kò rí i. Kò sí ojú ènìyàn tó lè rí gbogbo rẹ̀. Lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ, ẹran ara tí jẹjẹrẹ wà nínú rẹ̀ àti èyí tó dá ṣáká lè jọra bí ìbejì. Ní Amẹ́ríkà pàápàá, nínú obìnrin mẹ́rin tàbí márùn-ún tí wọ́n bá yọ kókó lọ́mú wọn, ó máa ń tó ẹnì kan tí yóò padà lọ dùbúlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì nítorí pé nǹkan ṣẹ́kù. Ọmọ Nàìjíríà kan wà lára àwọn tó gbájú mọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Samuel Achilefu ni orúkọ rẹ̀, ó kàwé ní Nsukka kó tó lọ sí ilẹ̀ Faransé. Nígbà tó wà ní Yunifásítì Washington ní ìlú St. Louis, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe awò ojú kan fún àwọn oníṣẹ́ abẹ. Wọn yóò fún aláìsàn ní abẹ́rẹ́ aró kan tí yóò kó jọ síbi tí jẹjẹrẹ wà. Bí dókítà bá gbé awò náà sójú, ibẹ̀ yóò máa tàn bí iná búlúù. Oṣù Kejì ọdún 2014 ni wọ́n kọ́kọ́ lò ó fún obìnrin tó ní jẹjẹrẹ ọmú. Owó ìjọba Amẹ́ríkà, títí kan ti ilé iṣẹ́ ológun wọn, wà lára ohun tó gbé iṣẹ́ náà dìde. Lẹ́yìn náà ni Achilefu dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ kí irú aró bẹ́ẹ̀ lè dé ọjà.

Ẹ fi ọkàn sí ìrìn yẹn: láti owó ìlú, dé yàrá àyẹ̀wò yunifásítì, dé ọwọ́ oníṣòwò. Ọ̀nà kan náà ni ohun tí wọ́n ń pè ní oògùn nánò ń gbà. Bí a bá pín mítà kan sí ọ̀nà bílíọ̀nù kan, ẹyọ kan níbẹ̀ ni nánòmítà. Fọ́nrán irun orí kan fẹ̀ tó nǹkan bí 80,000 irú rẹ̀. Oògùn pupa kan wà tí wọ́n máa ń fà sí iṣan aláìsàn jẹjẹrẹ, doxorubicin ni wọ́n ń pè é. Ó ń pa jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n ó lè ba ọkàn aláìsàn jẹ́. Ní Jerúsálẹ́mù, Yechezkel Barenholz àti Alberto Gabizon fi ọ̀rá wé e, bí a ti ń fi ewé pọ́n ẹ̀kọ. Ẹ̀kọ gbígbóná tí wọ́n bá bù sí ènìyàn lọ́wọ́ yóò bó o, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi ewé pọ́n ọn, ọmọdé lè gbé e láti Bẹẹrẹ dé Mọ́lété. Ìdì oògùn yìí kọ̀ọ̀kan kò ju nǹkan bí 100 nánòmítà lọ. Iṣan ẹ̀jẹ̀ inú kókó jẹjẹrẹ máa ń jò, ibi tó ń jò yẹn ni àwọn ìdì náà ń gbà wọlé. Ilé iṣẹ́ kan ní Kalifọ́níà sọ ọ́ di ọjà, Doxil ni wọ́n pè é, ìjọba Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí i ní 1995.

Òmíràn ni Abraxane, tí wọ́n fọwọ́ sí fún jẹjẹrẹ ọmú ní 2005. Ìtàn tirẹ̀ yóò yé àwọn tó ń ta lẹ́kulẹ́ja ní Ọjà'ba, nítorí èèpo igi ni. Ní 1962, òṣìṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà kan lọ bó èèpo igi kan nínú igbó apá ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ wọn, nínú ètò tí ìjọba fi ń wá oògùn jẹjẹrẹ. Inú èèpo yẹn ni oògùn tó ń jẹ́ paclitaxel ti jáde. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, Patrick Soon-Shiong, dókítà tó tún jẹ́ oníṣòwò, fi èròjà inú ẹ̀jẹ̀ kan tó ń jẹ́ albumin wé e ní ìwọ̀n nánò. Ní 2010, wọ́n ta ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní nǹkan bíi bílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là. A kò bínú sí oníṣòwò tó jèrè, ìyá elélùbọ́ náà ń jèrè. Ohun tí a ń béèrè ni pé owó ìlú tó bó èèpo igi, èwo ni ìpín tirẹ̀?

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi orúkọ nánò tàn yín jẹ. Ní 2016, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Toronto kó èsì ọ̀pọ̀ ìwádìí tí wọ́n ti ṣe lára ẹranko jọ, wọ́n rí i pé nínú ohun nánò tí wọ́n bá fún ẹranko, èyí tó ń dé inú kókó kì í sábà tó ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn onímọ̀ fúnra wọn ló sọ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ń kiri omi inú ìgò ní Bẹẹrẹ, tó ní nánò ni, pé bí ẹ bá mu ún jẹjẹrẹ yóò wábi gbà, irọ́ ló ń pa.

Báwo ni ọ̀rọ̀ yìí wá ṣe kan Ìbàdàn? Láti 1998 ni àwọn onímọ̀ ní UCH, ní Òríta Mẹ́fà wa níbí, pẹ̀lú Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Olópadé, tó kọ́ṣẹ́ dókítà ní Yunifásítì Ìbàdàn kó tó di àgbà onímọ̀ ní Yunifásítì Chicago, ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ńlá kan lórí jẹjẹrẹ ọmú. Àwọn obìnrin ìlú yìí, àwọn tó ní àrùn náà àti àwọn tí kò ní in, na apá sílẹ̀, wọ́n fún wọn ní ẹ̀jẹ̀. Lára ẹ̀jẹ̀ irú àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀ ni ayé ti túbọ̀ mọ̀ pé irú jẹjẹrẹ ọmú tó le, tí oògùn tó wọ́pọ̀ kì í ràn, pọ̀ láàárín àwọn obìnrin wa ju ti àwọn aláwọ̀ funfun lọ. Èsì kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2012 fi hàn pé nínú àwọn aláìsàn tó lé ní 400, nǹkan bí 11 nínú ọgọ́rùn-ún ló jẹ́ pé àbùkù kan tí wọ́n bí mọ́ wọn ló ṣí ilẹ̀kùn fún àrùn náà. N kò sọ pé ẹ̀jẹ̀ Ìbàdàn ni wọ́n fi ṣe Abraxane o. Mo ń sọ pé irú ìmọ̀ báyìí ni àwọn tó ń ṣe oògùn ń tẹ̀ lé láti mọ irú jẹjẹrẹ tí oògùn wọn yóò dojú kọ. Ìyá tó na apá sílẹ̀ fún abẹ́rẹ́ ní Òríta Mẹ́fà ti dá owó sí okòwò náà, bí kò tilẹ̀ gba ìwé kankan.

Iṣẹ́ nánò kò sì jìnnà sí wa. Ní LAUTECH, Ògbómọ̀ṣọ́, ẹgbẹ́ àwọn olùwádìí kan tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Agbájé Láteef jẹ́ aṣáájú fún ti fi èèpo kòkó, èèpo obì, àti ilé aláǹtakùn pàápàá, sọ fàdákà di ìwọ̀n nánò. Wọ́n pò ó mọ́ ọ̀dà ilé, ó ń pa kòkòrò àìfojúrí. Ìyẹn kì í ṣe oògùn jẹjẹrẹ, kí ẹnikẹ́ni má sáré lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ṣùgbọ́n bí ọmọ ṣe ń rá ló ń rìn. Láti 2006 ni àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń jẹ́ NOTAP ti ń dá ọ́fíìsì sílẹ̀ ní àwọn yunifásítì wa, kí ohun tí olùwádìí bá ṣe lè di ọjà. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí oníṣòwò kan yóò jókòó pẹ̀lú yunifásítì ìpínlẹ̀ wa láti bu ọwọ́ lu ìwé lórí oògùn. Ọjọ́ yẹn gan-an ni kí a ti sọ ti iye owó. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti bu ọwọ́ lùwé tán, ẹ̀bẹ̀ ló kù.

Ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Yunifásítì Yale ló ni ẹ̀tọ́ lórí oògùn éèdì kan tó ń jẹ́ stavudine, wọ́n sì ti gbé e fún ilé iṣẹ́ Bristol-Myers Squibb láti máa tà. Ní 2001, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yale pẹ̀lú àwọn dókítà tó ń ṣiṣẹ́ ní Gúúsù Áfíríkà gbé ọ̀rọ̀ náà dìde, William Prusoff, ọ̀kan nínú àwọn tó ṣàwárí ìwúlò oògùn náà, gbè sí wọn lẹ́yìn. Ilé iṣẹ́ náà gbà pé àwọn kò ní dí ẹlòmíràn lọ́wọ́ láti ṣe é ní Gúúsù Áfíríkà, iye owó rẹ̀ sì já wálẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ló ṣe é, wọn kì í ṣe mínísítà.

Àwọn kan yóò ní bí a bá ń sọ̀rọ̀ owó báyìí, oníṣòwò yóò sá lọ. Ẹ wo Doxil. Ní 2011, ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo tó ń pò ó níṣòro, oògùn náà sì wọ́n bí ojú, àní fún àwọn ọlọ́rọ̀. Ní 2012, Amẹ́ríkà ní láti ra irú rẹ̀ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ Sun ti Íńdíà, ní 2013 wọ́n fọwọ́ sí ti Íńdíà náà pátápátá. Àwọn ará Íńdíà kò sá fún oògùn tí owó rẹ̀ wálẹ̀, òun ni wọ́n ń ṣe jẹun.

Ẹlòmíràn yóò ní kí a kọ́kọ́ tún ẹ̀rọ tó wà nílẹ̀ ṣe ná. Mo gbà fún un ju ìdajì lọ. Ìṣirò àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ fún 2022 ni pé àwọn tó lé ní 127,000 ni àrùn náà mú ní Nàìjíríà, àwọn tó lé ní 79,000 sì kú. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kì í ṣe nánò ló wọ́n fún wọn, wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó dé ilé ìwòsàn ni. Níbẹ̀, àwa pásítọ̀ kò mọ́. Arábìnrin kan yóò sọ pé òun fọwọ́ kan kókó, a óò ní kó kọ́kọ́ gba ààwẹ̀ ọjọ́ mọ́kànlélógún. Ẹ jẹ́ kó gba ààwẹ̀ náà lórí ìlà níwájú yàrá dókítà.

Ṣùgbọ́n owó náà ṣì wà níbẹ̀. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2024 ni 70,000 náírà. Ẹni tó bá ti gba kímò rí, kó wá sọ iye ọjọ́ tí ìyẹn yóò gbé e dé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ ni iṣẹ́ abẹ kejì ìyá elélùbọ́. Mo ti lọ kí wọn nílé, mo sì ṣàlàyé awò ojú Achilefu fún wọn, bí jẹjẹrẹ ṣe ń tàn nínú rẹ̀ tí dókítà fi ń rí i. Wọ́n gbọ́ ọ dáadáa. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Pásítọ̀, ẹ bá mi béèrè iye tí wọ́n ń tà á."