Ọ̀RỌ̀ ÌDÍLÉ: Lápàdé Tún Dé
Nígbà tí eré tẹlifíṣọ̀n Morse, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, parí ní 2000, ti Lewis, ọmọ abẹ́ rẹ̀, ni ó tẹ̀ lé e ní 2006. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa mọ irú wọn, ṣùgbọ́n wọn kò mọ Lápàdé, ọlọ́pàá àtijọ́ tí Ọ̀gbẹ́ni Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ́kọ́ fi hàn wá nínú “Àjà Ló Lẹrù” ní 1969, tí ó sì tún mú padà nínú “Àgbàlagbà Akàn” ní 1971. Ẹ má ṣe torí èkíní kẹ́gàn èkejì: àbúrò kì í ṣe àkọ́bí, ṣùgbọ́n ọmọ ilé ni. Ẹ máa kà wọ́n fún àwọn ọmọ lẹ́yìn àdúrà alẹ́, kí èdè wa má baà di àlejò nínú ilé tiwa.