Òfin Nínú Ilé: Bí Àpò Lẹ́tà Yẹ́lò Bá Wọlé



Ìyá kan ní àdúgbò Kottbusser Tor, ní Kreuzberg níbí, fún mi láyè láti sọ ìtàn rẹ̀, kìkì pé kí n má dárúkọ òun. Nígbà tó kó kúrò ní ilé tó ń gbé tẹ́lẹ̀, ó kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún un pé òun kò ṣe mọ́. Síbẹ̀, wọn ò yé béèrè owó oṣù. Lẹ́tà àkọ́kọ́ dé, ìkejì dé, ìkẹta dé. Mahnung ni wọ́n kọ sórí gbogbo wọn. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún 14, ló ń kà á fún un: "Màámi, wọ́n ní kí ẹ má gbàgbé láti sanwó." Ìyá ní òun kò jẹ wọ́n ní kọ́bọ̀, ó sì kó àwọn lẹ́tà náà sínú ọ̀rá.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n bá àpò lẹ́tà yẹ́lò kan nínú àpótí lẹ́tà wọn. Ọmọ náà yẹ̀ ẹ́ wò, ó rí Mahnbescheid, ó ní, "Mahnung yẹn náà ni." Ìyá fi í sábẹ́ Bíbélì, ó gbàdúrà lé e lórí, ó sì gba ibi iṣẹ́ lọ. Yẹ́lò kejì dé, òun náà wọ abẹ́ Bíbélì. Lọ́jọ́ tí owó ilé yẹ kó jáde, báńkì sọ pé àkáǹtì ti dí.

Àdúrà rẹ̀ kò ní àbùkù. Ẹ̀rí rẹ̀ náà wà: ẹ̀dà ìwé tó fi fòpin sí àdéhùn wà nínú ọ̀rá kan náà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí wọn ò mọ ìtumọ̀ rẹ̀ ló kó bá wọn.

Mahnung kì í ṣe Mahnbescheid

Àwa Yorùbá mọ̀ pé igbá yàtọ̀ sí igba, igba sì yàtọ̀ sí ìgbà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ méjì yìí rí. Mahnung jẹ́ lẹ́tà ìránnilétí láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ní a jẹ òun lówó, tàbí láti ọ̀dọ̀ Inkasso, ìyẹn ilé-iṣẹ́ tó ń bá wọn gba gbèsè. Kóòtù kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ó dára kí a dá a lóhùn, ṣùgbọ́n kò tíì lágbára òfin.

Mahnbescheid ní tirẹ̀, kóòtù ló fi ránṣẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fetí sí èyí dáadáa: kóòtù náà kò tíì wádìí bóyá ẹ jẹ owó yẹn lóòótọ́. Ẹni tó ń béèrè owó kọ orúkọ yín àti iye owó náà sínú fọ́ọ̀mù, kọ̀ǹpútà kóòtù sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Àkọlé kan wà lórí ìwé náà tó sọ bẹ́ẹ̀ gan-an. Ẹ̀yin ni kóòtù ń retí pé kí ẹ sọ bóyá òótọ́ ni. Tí ẹ ò bá fèsì, ọ̀rọ̀ ẹnì kejì ni wọ́n máa tẹ̀ lé. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ tipẹ́: ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Mo mọ ohun tó ń ba ọ̀pọ̀ wa lẹ́rù. Nílé, a máa ń sọ pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ṣọ̀rẹ́. Bí a bá ti rí orúkọ kóòtù lára lẹ́tà, ọkàn wa ti sáré dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá. Ṣùgbọ́n Zivilrecht ni èyí, òfin tó ń rí sí ọ̀rọ̀ láàrin ẹni méjì: owó, ilé, ọjà, àdéhùn. Kì í ṣe ẹjọ́ ọ̀daràn. Gbèsè fúnra rẹ̀ kì í sọni sẹ́wọ̀n.

Àwọn ọ̀rọ̀ tí ẹ ó bá pàdé

Zustellung: fífi ìwé jíṣẹ́ lọ́nà òfin. Oníwèé ìfìwéránṣẹ́ á kọ déètì sára àpò yẹ́lò náà. Ọjọ́ yẹn ni kíkà bẹ̀rẹ̀, kódà bó bá jẹ́ inú àpótí lẹ́tà ló jù ú sí tí ẹ ò sì sí nílé. Nítorí náà, ẹ má ju àpò náà nù.

Antragsteller àti Antragsgegner: ẹni tó ń béèrè owó, àti ẹni tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Frist: gbèdéke ọjọ́. Ti Mahnbescheid jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì. Bí déètì ara àpò bá jẹ́ ọjọ́ kẹta oṣù, ọjọ́ kẹtàdínlógún ló parí. Ọjọ́ tí èsì yín dé kóòtù ni wọ́n ń kà, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ fi ránṣẹ́.

Widerspruch: àtakò. Fọ́ọ̀mù rẹ̀ wà pẹ̀lú Mahnbescheid. Ẹ ó sàmì síbi tó yẹ, ẹ ó fọwọ́ sí i, ẹ ó sì dá a padà. Kò pọn dandan kí ẹ ṣàlàyé ìdí, ẹ ò sì ní san kọ́bọ̀. Bó bá jẹ́ apá kan owó náà nìkan ni ẹ jẹ, ẹ lè tako ìyókù. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá ti kọjá, ẹ ṣì fi ránṣẹ́ kíá. Wọ́n ṣì lè gbà á bí kóòtù kò bá tíì gbé ìwé tó kàn jáde.

Vollstreckungsbescheid: ìwé kejì, nínú yẹ́lò kejì. Èyí ti lágbára bí ìdájọ́. Ẹni tó ní in lọ́wọ́ lè ní kí báńkì dí àkáǹtì yín, tàbí kó rán Gerichtsvollzieher, òṣìṣẹ́ kóòtù tó ń gba gbèsè, sí yín. Ó lè wúlò fún 30 ọdún.

Einspruch: àtakò sí ìwé kejì yìí. Ọ̀sẹ̀ méjì náà ni, òun sì ni ilẹ̀kùn tó kẹ́yìn. Kò dá ọwọ́ wọn dúró lójú ẹsẹ̀, nítorí náà ẹ wá agbẹjọ́rò kíákíá.

Ó lè jẹ́ ìlú tí ẹ ò dé rí ni lẹ́tà náà ti wá, bíi Coburg, Hünfeld tàbí Uelzen. Ẹ má rò pé ẹ̀tàn ni. Ibi tí ẹni tó ń béèrè owó wà ló ń pinnu kóòtù tó máa kọ ìwé náà. Tirẹ̀ bá jẹ́ Berlin, Amtsgericht Wedding ni. Bó bá jẹ́ Hamburg, Amtsgericht Hamburg-Altona ni.

Bí ẹ bá jẹ owó náà lóòótọ́ ńkọ́? Ẹ má fi Widerspruch ra àkókò. Ìnáwó kóòtù á kàn máa gun orí gbèsè ni. Ẹ kọ̀wé sí ẹni tó ni owó, kí ẹ bẹ̀ ẹ́ fún Ratenzahlung, ìyẹn sísan díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì gba àdéhùn náà ní kíkọ sílẹ̀.

Ìwọ ọ̀dọ́ tó ń ka lẹ́tà fún ilé

A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ kì í ṣe láti túmọ̀ òfin. Nǹkan mẹ́ta péré ni kí o wá: ta ló kọ ọ́, déètì wo ló wà lára àpò, iye ọjọ́ mélòó ni wọ́n fún wa. Lẹ́yìn náà, sọ pé, "Ẹ jẹ́ ká fi han àgbàlagbà kan lónìí." Ó ti parí.

Bó bá sì jẹ́ orúkọ tìrẹ ló wà lára lẹ́tà, má fi pa mọ́. Títí o fi máa pé ọdún 18, ohun tí o fi owó àpò rẹ ra tí o sì san tán dúró. Ṣùgbọ́n àdéhùn fóònù tàbí ti jíìmù, tó ń gba owó lóṣooṣù, kò lè dè ọ́ bí àwọn òbí rẹ kò bá fọwọ́ sí i. Bí o bá fi í pa mọ́ fún wọn, o ti gba apata ọwọ́ ara rẹ sọnù nìyẹn.

Ibi tí ìrànlọ́wọ́ wà

Ní Berlin, ẹni tí owó rẹ̀ kò tó lè lọ sí Amtsgericht àdúgbò rẹ̀ láti béèrè Beratungshilfe. Ti Kreuzberg wà ní Möckernstraße. Ẹ mú lẹ́tà náà, ìwé owó iṣẹ́, ìwé owó ilé àti ìwé báńkì dání. Bí wọ́n bá fún yín ní ìwé ẹ̀rí rẹ̀, 15 Euro péré ni agbẹjọ́rò lè gbà lọ́wọ́ yín fún ìmọ̀ràn. Ní Hamburg, Öffentliche Rechtsauskunft, tí wọ́n ń pè ní ÖRA, ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Bí àkáǹtì bá ti dí, ẹ sáré ní kí báńkì sọ ọ́ di P-Konto, kí owó oúnjẹ àti owó ilé lè jáde.

Ohun tí ìyá wa yẹn ṣe nìyẹn. P-Konto yọ owó ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ àtakò ti kọjá, ó sì ń san gbèsè tí kò jẹ díẹ̀díẹ̀ títí di òní. Ohun tó dùn ún jù ni pé ọmọ rẹ̀ ń sọ pé òun lòun fà á. Rárá o, ọmọ wa. Ẹrù àgbà ni wọ́n gbé ru ọmọdé.

Nítorí náà, bí yẹ́lò bá wọlé yín, ẹ gbàdúrà sí i, ṣùgbọ́n ẹ má fi sábẹ́ Bíbélì. Ẹ mú un wá sí ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi, pẹ̀lú àpò rẹ̀, kí a jọ kà á. Ó dìgbà kan ná.