Àṣà Kì í Ṣe Ohun Àbímọ́ni

Sí Olóòtú,

Mo ka àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá, tó ní inú ẹ̀jẹ̀ ni àṣà wà, pé ohun tó bá ti òkè òkun wá kò lè di tiwa. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, torí àwọn ọmọ ilé ìwé ń kà á.

Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni òǹkọ̀wé náà fi ṣe àpẹẹrẹ àṣà tí kò lábùlà. Ẹ̀kọ láfún ni àwọn ìyá wa l'Ábẹ́òkúta fi ń ya ọnà sáṣọ kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró. Ara ẹ̀gẹ́ ni láfún ti ń wá, àwọn Potogí ló sì gbé ẹ̀gẹ́ wá láti Bràsíl. Aṣọ funfun tí wọ́n ń lò láyé àtijọ́ ńkọ́? Ilé iṣẹ́ ìhunṣọ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti wá. Síbẹ̀, ta ni yóò ní ọnà àdìrẹ tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàn Dùn kì í ṣe ọnà Yorùbá?

Kíkọ́ ni à ń kọ́ àṣà: ọmọ aláró tí kò jókòó ti ìyá rẹ̀ kò ní mọ aró po. Ní Bahia ní Bràsíl, àwọn tí wọn kì í ṣe ìran wa ń kọrin òrìṣà lédè wa. Àwùjọ tí wọ́n wà nínú rẹ̀ ló kọ́ wọn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ lẹ́tà yìí jáde kí àwọn ọmọ náà lè rí i kà.

Òǹkàwé yín